Alẹ́ Ìtàn Ìwáṣẹ̀ àti Sáyẹ́ǹsì: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti onímọ̀ ìràwọ̀ kan ti jọ ń dúró níwájú èrò. Èmi á pa ìtàn, òun á sọ ohun tí awò awọ̀nàjíjìn rí. Àwọn ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀: wọ́n á bi wá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n á tún dá wa dúró nígbà tí a bá ń ká wáyà nílẹ̀ lẹ́yìn eré. Mo kó wọn jọ síbí. Òmíràn ò gbà ju gbólóhùn méjì lọ, òmíràn á gba odindi ìtàn.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àga, òkùnkùn, àti ohùn èèyàn lẹ máa bá níbẹ̀. Onítàn á bọ́ síwájú, á pa ìtàn kan tí àwọn èèyàn kan ti ń pa láti ayébáyé nípa ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀run tàbí lórí ilẹ̀. Kò ní í máa já ìtàn náà lu kó lè sọ pé "àwọn ará àtijọ́ gbà pé". Bó bá ní obìnrin kan wà tí ejò ni irun orí rẹ̀, obìnrin náà wà nìyẹn. Bí ìtàn bá dé ibi tó yẹ kó dé, ẹnìkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sọ ohun tí ìwọ̀n àti ìṣirò fi hàn nípa nǹkan kan náà. Nígbà míì, onítàn á tún padà sórí ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà á sì rí i pé etí tí ẹ fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní kọ́ lẹ fi ń gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó bá mọ àlọ́ àpagbè ò ní í ṣàjèjì rárá: orin wà nínú rẹ̀, èrò ló sì ń gbè é.

Tiwa kì í ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ìdí àga á bẹ̀rẹ̀ sí í ro èèyàn, ìtàn ò sì ní í wọlé mọ́.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan.

Ìtàn Medusa, ti àwọn ará Gíríìsì, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá wo obìnrin náà lójú á di òkúta. Nítorí náà, Perseus, akọni tó wá pa á, ò wò ó. Inú asà rẹ̀ tó ń dán bíi dígí ló ti ń wo òjìji rẹ̀ títí ó fi bẹ́ ẹ lórí. Orí ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ Perseus lójú ọ̀run di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nínú àkójọ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìràwọ̀ kan wà níbi tí orí náà wà, Algol ni wọ́n ń pè é. Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ yẹn ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni orí ànjọ̀nnú.

Ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí. Gílóòbù kékeré kan wà tí a so kọ́ lẹ́yìn mi, òun nìkan ló ń tàn nínú gbogbo yàrá. Èrò á máa wò ó. Iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn kan á máa nu ojú wọn, wọ́n á rò pé ojú ló ń ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà á tún mọ́lẹ̀ padà. Mi ò ní í sọ nǹkan kan. Ẹnìkejì mi á wá sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn pé: "Ó ń ṣẹ́jú lóòótọ́."

Bẹ́ẹ̀ sì ni. Tí ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 bá ti pé, ìmọ́lẹ̀ Algol á tún rẹlẹ̀, á kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta, á sì padà sí bó ṣe wà. Gbogbo rẹ̀ á gba nǹkan bíi wákàtí 10. Ẹni tó kọ́kọ́ ka àkókò yìí dáadáa ni John Goodricke, ọmọ ọdún 18, ní ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adití ni. Lójú fèrèsé ló ti ń ṣọ́ ìràwọ̀ náà lóru, ó sì fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, ní 1783. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan ńlá kan tó ṣókùnkùn ló ń yí ìràwọ̀ ọ̀hún ká, tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹgbẹ́ náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló kú, kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Ó di 1889 kí Hermann Vogel, ará Jámánì, tó fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ náà. Ó pín ìmọ́lẹ̀ Algol sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, ó sì rí i pé àwọn ilà inú rẹ̀ ń sún síwá sún sẹ́yìn, èyí tó fi hàn pé ìràwọ̀ náà ń sún mọ́ wa, ó sì tún ń jìnnà sí wa. Ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po.

Nígbà náà ni èmi á padà wá parí ìtàn Perseus.

Ṣé torí pé ìràwọ̀ náà ń ṣẹ́jú ni wọ́n ṣe pè é ní orí Medusa?

Ìbéèrè tó ń fa wàhálà nìyí, torí pé gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ń fẹ́ ẹ. Àmọ́ kò sí ìwé kan láti ọwọ́ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ tó sọ ní gbangba pé àwọn rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn ń rẹlẹ̀. Àbá ni, àbá tó dùn létí, bí àbá la sì ṣe máa ń sọ ọ́ níwájú èrò.

Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ibẹ̀ gan-an ni irú eré yìí ti máa ń bàjẹ́. Ìtàn lágbára. Ó lè gbé nǹkan tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rìn, kí òǹwòran sì gbé e délé bí òótọ́. Ohun tí mo ń wá ni kí ẹ máa gbọ́ ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ méjèèjì pọ̀: ibí yìí ni ìtàn parí sí, ibí yìí ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ibí yìí la ti ń dábàá. Àwọn kan nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbà pé aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ ò hàn ló dáa jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ṣé ẹ máa ń fi sáyẹ́ǹsì já ìtàn àwọn baba ńlá ní irọ́ ni?

Rárá. Bí mo bá bi yín pé kí ló dé tí Algol fi ń ṣókùnkùn, Goodricke ni kẹ́ ẹ lọ bá. Bí mo bá bi yín pé kí lèèyàn ń ṣe níwájú ohun tí kò ṣeé wò lójú, ọ̀dọ̀ Perseus lọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹni tó bá dé láti wá wo ìjà á padà sílé pẹ̀lú ìjákulẹ̀.

Ṣé ìtàn ìwáṣẹ̀ lè ràn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ nígbà kankan?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ìdajì kejì eré wa sì dá lé e. Létíkun Òkun Pàsífíìkì, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dé Kánádà, àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, máa ń pa ìtàn Ẹyẹ Àrá tó bá Àbùùbùtán jà, ìjà tó mi ilẹ̀ tó sì ru òkun sókè. Àwọn Huu-ay-aht, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ yìí ní erékùṣù Vancouver ní Kánádà, tún ní ìtàn abúlé kan ní Pachena Bay tí ilẹ̀ mì lábẹ́ rẹ̀ lóru, tí omi sì gbé lọ pátápátá.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ò gbà pé irú ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lágbègbè náà. Ní àwọn ọdún 1980, onímọ̀ ilẹ̀ kan, Brian Atwater, ń fi ọkọ̀ kékeré rìn lẹ́nu odò tí òkun ń wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, ó sì ń gbẹ́ ẹrẹ̀ etí bèbè. Ohun tó rí rèé: ewéko orí ilẹ̀ tí iyanrìn òkun bò mọ́lẹ̀ lójijì, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ lórí iyanrìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti rì. Igi kédárì tó kú ṣì wà ní ìdúró, iyọ̀ ló pa wọ́n, àwọn òrùka inú igi wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ọdún kan, sì fi hàn pé àárín ìparí ọdún 1699 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1700 ni wọ́n kú.

Òdìkejì òkun ni wọ́n ti rí èyí tó kù. Àwọn akọ̀wé ní Japan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbì òkun ńlá kan dé bá àwọn ní oṣù Jánúárì ọdún 1700 láìjẹ́ pé ilẹ̀ kankan mì lọ́dọ̀ àwọn. Kenji Satake, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ará Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ní 1996: nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ 26 oṣù Jánúárì ọdún 1700, ìmìtìtì tó tó ìwọ̀n 9 ṣẹlẹ̀ létíkun Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún.

Tí a bá dé ibí yìí, mo máa ń pa ìtàn Pachena Bay lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ kan náà, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ẹsẹ̀ èèyàn kan kì í dún nínú yàrá. Igi lè sọ ọdún, akọ̀wé Japan sì ti sọ ọjọ́, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé àwọn èèyàn ń sùn lọ́wọ́.

Ṣé gbogbo ìtàn ìwáṣẹ̀ ló fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ ni?

Rárá o. Ẹ má wá ìmìtìtì ilẹ̀ lábẹ́ gbogbo ìtàn. Ẹ wo ti àwọn Arábìnrin Méje, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pleiades. Àwọn ará Gíríìsì ní méje ni wọ́n, ọ̀kan sọ nù. Àwọn kan lára àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà náà ní ìtàn tó jọ ọ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kì í sábà rí ju mẹ́fà lọ. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Ray Norris àti Barnaby Norris, dábàá ní 2021 pé ó ṣeé ṣe kí ìtàn yìí ti wà láti nǹkan bí 100,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí méjì nínú wọn ò tíì sún mọ́ra tó báyìí lójú wa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò tíì gbà á. Mo máa ń pa ìtàn náà, mo sì máa ń sọ àbá ọ̀hún, tó bá yá kí ẹ jà á lójú ọ̀nà ilé.

Mi ò mọ físíìsì rárá. Ṣé mi ò ní í sọ nù?

Bí ẹ bá lè fi àtàńpàkò bo gílóòbù lójú, ẹ ti tó wá. Lóòótọ́ ni: a máa ń ní kí gbogbo èrò nawọ́ síwájú, kí wọ́n dijú kan, kí wọ́n fi àtàńpàkò bo iná orí ìtàgé mọ́lẹ̀. Àtàńpàkò kéré sí iná, àmọ́ ó sún mọ́ yín, ó sì tó o bò. Ohun tí òṣùpá ń ṣe sí oòrùn nìyẹn lọ́jọ́ tí ọ̀sán bá dòru. Oòrùn fi bí ìlọ́po 400 tóbi ju òṣùpá lọ, ó sì fi bí ìlọ́po 400 jìnnà sí wa jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dọ́gba lójú wa.

Ìtàn tí a ń so mọ́ ọn ni ti Sköll, ìkookò àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́, tó ń lé oòrùn kiri láti gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ìkookò yẹn ń pàdánù. Àwọn tó lọ sínú òṣùpá ní 1969 fi dígí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ta ìmọ́lẹ̀ léésà sí i láti ayé, wọ́n ń ka ìgbà tó fi ń padà. Òṣùpá ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 jìnnà sí wa lọ́dọọdún. Ọjọ́ kan ń bọ̀, ó ṣì jìnnà gan-an, tí kò ní í lè bo oòrùn tán mọ́.

Kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹni tó pẹ́ dé wọlé? Ìyẹn ò le jù bí?

Ojú yín ló fà á. Tí ẹ bá kúrò nínú iná bọ́ sínú òkùnkùn, ojú máa ń nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó ríran dáadáa. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí, tàbí fóònù tí ẹnì kan yọ láti wo aago, á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún àwọn tó jókòó yí i ká, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Gílóòbù Medusa wa ò mọ́lẹ̀ rárá, ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá tíì mọ òkùnkùn ò ní í rí i nígbà tó bá ń rẹlẹ̀. Ẹ pa fóònù. Ẹ má kàn yí i dojú bolẹ̀, ẹ pa á.

Tí nǹkan bá bàjẹ́ lórí ìtàgé ńkọ́?

Ó máa ń bàjẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, gílóòbù yẹn rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì kọ̀ kò padà tàn mọ́. Gbogbo yàrá dúdú kirikiri. Mo ń fọwọ́ wá wáyà kiri nílẹ̀ ni ohùn ọmọdé kan ta sókè láti ẹ̀yìn: "Ó ti kú!" Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkejì mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Bí Algol bá kú lálẹ́ òní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ò ní í mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 90 ọdún kó tó dé ojú wa. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lè bá a." A ti fi gbólóhùn yẹn sínú eré láti ọjọ́ náà. Gílóòbù la pààrọ̀.

Ṣé a lè mú ọmọdé wá?

Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè, kẹ́ ẹ sì rántí pé wọ́n máa bẹ́ orí nínú ìtàn náà.

Onísìn ni mí. Ṣé ẹ máa bọ nǹkan kan?

Rárá. Ìtàn la ń pa.

Ètò wo lẹ ṣe fún adití àti àwọn tí iná lè ṣe ní jàǹbá?

Yóò tì mí lójú kí n máa sọ ìtàn Goodricke níwájú àwọn èèyàn, kí adití máà rí ọ̀nà gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ èdè àwọn adití máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìṣòro rẹ̀ ni òkùnkùn: ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. A fi iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan sí i lára, torí pé pupa kì í ba ojú tó ti mọ òkùnkùn jẹ́ bíi funfun. A sì máa ń fún un ní ìtàn náà ṣáájú, kó má bàa jẹ́ pé orí ìtàgé ló ti máa kọ́kọ́ pàdé orúkọ bí Algol. A kì í lo iná tó ń ṣẹ́jú wàìwàì, nítorí àwọn tó ní wárápá.

Ta ló ni àwọn ìtàn tí ẹ ń pa?

Àwọn tó ń pa á látilẹ̀ ni. Ìtàn Gíríìsì ti di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn onílẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà ní ẹni tó ni ín, ìdílé kan tàbí agbo kan, òmíràn sì wà tí wọn kì í pa àfi nígbà òtútù. Èyí tí àwọn fúnra wọn ti gbé síta fún aráyé nìkan la máa ń pa, a sì ń dárúkọ wọn. Mo ti fi ìtàn méjì tó dùn gan-an sílẹ̀ torí èyí. Ó dùn mí, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ náà.

Ṣé ó tiẹ̀ dájú pé ìtàn máa ń wọ èèyàn lọ́pọlọ ju àlàyé lọ?

Ẹ̀rí díẹ̀ wà nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọlọ. Ní 2010, Uri Hasson, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ obìnrin kan tó ń sọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ sí i, wọ́n sì wo ti àwọn tó gbọ́ ọ. Ọpọlọ àwọn olùgbọ́ ń tẹ̀ lé ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Níbòmíràn nínú ọpọlọ, ó tiẹ̀ ń ṣíwájú, bí ẹni tó ti ń retí ọ̀rọ̀ tó kàn. Nígbà tí wọ́n fi ìtàn ní èdè Rọ́ṣíà, tí àwọn olùgbọ́ ò gbọ́, dán an wò, ìtẹ̀léra yẹn pòórá. Ìyẹn ò sọ pé ìtàn sàn ju àlàyé lọ. Ó kàn sọ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ tí èrò mi ò gbọ́.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Pẹ̀lú ìtàn kan àti nǹkan kan tó ṣeé rí. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì tó dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àsìkò Kérésì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Royal Institution ní London ní 1825, fi àbẹ́là kan ṣoṣo kọ́ wọn ní kẹ́mísírì fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ wá onímọ̀ tó lè dákẹ́. Àwọn tó mọ̀wé pọ̀, àwọn tó lè jẹ́ kí ìtàn sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́nu sí i ò pọ̀. Ibi tí ẹ ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara yín ni kẹ́ ẹ fi dánra wò jù, nítorí ibẹ̀ lèrò ti máa ń já sílẹ̀.

Ṣé mo lè rí ojú Medusa fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, láìlo awò kankan. Oṣù Ọ̀kìtóbà sí Fẹ́búárì ló rọrùn jù, ní apá àríwá ọ̀run. Ẹ wá ìràwọ̀ márùn-ún tó tò bíi lẹ́tà W: Cassiopeia nìyẹn, ìyá ìyàwó Perseus. Ẹbí ni gbogbo wọn, Perseus ò jìnnà sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí Algol, ẹ fi wé Almach, ìràwọ̀ tó ń tàn nítòsí rẹ̀ nínú àkójọ Andromeda. Tí méjèèjì bá mọ́lẹ̀ bákan náà, ojú rẹ̀ ṣì là nìyẹn. Ẹ tún jáde wá wò ó lálẹ́ ọ̀la.